Dísìkì Kì í Sáábà Tẹ̀: Bí Páàdì àti Dísìkì Ṣe Ń Bára Wọn Ṣiṣẹ́ ní Títì Èkó

Gbólóhùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò l'Ékòó: "Dísìkì yín ti bẹ́ńdì." Onímọ́tò ti ṣàlàyé pé bí òun bá tẹ bíréèkì lórí eré, ńṣe ni sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Mẹkáníìkì kò tíì tú táyà kan tó fi dájọ́ pé ooru ló tẹ dísìkì, ká lọ skim ẹ̀, ìyẹn ni pé ká fá ojú ẹ̀ kó lè dọ́gba, tàbí ká ra òmíràn ní Ládípọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbígbọ̀n náà á tún dé.

Irin tí wọ́n yọ́ dà, tó ń bá táyà yí, ni dísìkì; páàdì ló ń fún un mọ́ra nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ tó ń rin títì lásán kì í sáábà mú un gbóná débi tí yóò fi tẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń yí padà, apá yìí gan-an ló sì dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé páàdì kàn ń ha irin ni títí ọkọ̀ fi dúró. Ó ń ha á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ti ń gbóná, díẹ̀ lára páàdì á lẹ̀ mọ́ ọn lójú, á di ìpele tín-ínrín yíká rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe irin nìkan ni páàdì ń dì mú mọ́, ara páàdì tó ti lẹ̀ mọ́ irin ló ń dì mú. Bí ìpele yìí bá dọ́gba, bíréèkì á mú ṣinṣin, kò ní pariwo. Bí ó bá nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ni yóò máa ti páàdì padà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí po. Ìyàtọ̀ mílímítà 0.02 ti tó kí ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí léèsì. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ń lọ tó ń bọ̀, aṣọ á jọ̀lọ̀, kò ní sí àpá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè yín láti ẹnu ọ̀nà, kí ọwọ́ dúró sójú kan: àpá áyọ́ọ̀nù á yọ lára aṣọ náà, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó. Aṣọ kò tẹ̀, áyọ́ọ̀nù kò sì bàjẹ́. Dídúró sójú kan nínú ooru ló fà á. Kò sì sí ẹni tí yóò gbé léèsì náà tọ télọ̀ lọ pé kó bá òun fá a fẹ́lẹ́ kí àpá lè lọ. Ohun tí skim ń ṣe fún dísìkì nìyẹn. Àpá á lọ, ṣùgbọ́n irin tó yẹ kó gba ooru ti dínkù, èyí tó kù á sì máa tètè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èkó tẹ́jú, kò sí òkè gígùn tí ènìyàn ń tẹ bíréèkì sọ̀ kalẹ̀. Eré àti ìdúró òjijì ló ń fa ooru tiwa. Ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,300, tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, gbé agbára bí kilojoule 320 dání. Ní kìlómítà 40, ó jẹ́ 80 péré: eré di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Bí dísìkì iwájú kọ̀ọ̀kan bá wọn kìlógíráàmù 6, ìdúró kan láti 80 yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 40 kún ooru rẹ̀. Ìyẹn kò pọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń gun Third Mainland. Ẹnì kan á sá 110, dáńfó á já síwájú rẹ̀, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, á tún sá, ẹlòmíràn á tún já wọlé. Ooru á máa gun orí ooru, torí dísìkì kì í tutù kíákíá. Níkẹyìn, á já sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Adéníji Adélé, á fi ẹsẹ̀ ti bíréèkì pa, páàdì á sì dì mọ́ ojú kan náà lára irin tó gbóná. Ẹni tó bá fàyè sílẹ̀ níwájú kí ọkọ̀ lè máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tàbí tó fi sí N tó fa hándíbíréèkì, ti gba dísìkì iwájú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni hándíbíréèkì ti ń mú nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀.

Orísun kejì tí gbígbọ̀n yìí ní kò ní ooru nínú rárá. Bí ìpẹtà bá wà lójú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí dísìkì àti táyà ń jókòó lé, nígbà tí wọ́n ń de dísìkì tuntun mọ́ ọn, dísìkì kò ní jókòó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí fọkanáísà bá fi páìpù gígùn de nọ́ọ̀tì kan pa, tó wá de èyí tó kù wọ́ọ́rọ́wọ́. Dísìkì á máa jó díẹ̀ bó ti ń yí, á máa kan páàdì lẹ́ẹ̀kan nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí bíréèkì, títí ibì kan yóò fi jẹ ju ibòmíràn. Ìdí nìyí tí gbígbọ̀n kì í fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dè é, tí kò fi sẹ́ni tó ń rántí nọ́ọ̀tì. Wáyà búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi ha ojú họ́ọ̀bù, kí wọ́n sì de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra: bí wọ́n bá de ọ̀kan, kí èyí tó dojú kọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ní ti páàdì, èyí tó le tí kò tètè tán kọ́ ló dára jù. Ọ̀pọ̀ páàdì ní lẹ́tà méjì létí, bíi FF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí ooru kò tíì pọ̀, èkejì nígbà tó bá gbóná gan-an. E mú jẹ́jẹ́ ju F lọ, F jẹ́jẹ́ ju G lọ. FF kò burú fún títì Èkó. Lẹ́tà yìí kò sọ bí páàdì yóò ṣe pẹ́ tó o. Èyí tó bá ní E nínú òbìrípo àti 90R lẹ́yìn wà lábẹ́ òfin ECE R90 ti Yúróòpù, tó ní kí bó ṣe ń mú má fi ju ìdá 15 nínú 100 yàtọ̀ sí ti páàdì tó bá ọkọ̀ wá. Páàdì eré ìje kì í mú dáadáa àfi tó bá gbóná, kò sì sí ẹni tó lè bẹ ọmọ tó já sí títì ní Ìyánà-Ìpájá láàárọ̀ pé kó dúró di ìgbà náà. Páàdì ceramic kì í pariwo, eruku rẹ̀ kò sì pọ̀. Semi-metallic, èyí tí wọ́n po irin mọ́, ń pariwo díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru, òun ló yẹ ọkọ̀ tó ń rẹrù.

Dísìkì tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ló dára fún títì. Tìtorí gáàsì tó ń jáde lára páàdì àtijọ́ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń lu ihò sí dísìkì, àyíká ihò yẹn gan-an sì ni irin ti sáábà ń sán. Bí Belgium, ìyẹn àlòkù, lẹ ó bá rà, ẹ wo MIN TH (ìnípọn tó kéré jù tí kò gbọ́dọ̀ dín sí) tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì wọn ìnípọn rẹ̀. Nígbà púpọ̀ mílímítà 2 péré ló wà láàrin tuntun àti èyí tó yẹ ká sọ nù. Ara páàdì ẹlòmíràn ṣì wà lójú rẹ̀, kí ẹ fi sán-pépà bó o kúrò.

Lẹ́yìn èyí ló kan fífi páàdì tuntun mọ dísìkì, ìpele tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní títì tó dá bíi ti inú Ìkòyí, ẹ sá 60, ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀nba títí dé 10, ẹ má dúró, ẹ tún sá. Ẹ ṣe é bí ìgbà 8 sí 10. Páàdì lè máa rùn, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wa ọkọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú 10 láìtẹ bíréèkì ju bó ti yẹ lọ, kí gbogbo rẹ̀ tutù kí ẹ tó páàkì.