Ìdí Tí Ọkọ̀ Tó Ń Wa Ara Rẹ̀ Fi Ń Kúrò Nínú Lénì Rẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pàápàá láàrín àwọn tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti wọ inú sẹ́tíǹgì ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, tí ó sì pa ìyípadà lénì tàbí tí ó dín in kù, ọkọ̀ náà yóò jókòó sínú lénì kan ṣoṣo títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Wọ́n tún ní bí ènìyàn bá gbé sẹ́tíǹgì náà sókè, ọkọ̀ náà yóò gbọ́n sí i, ojú rẹ̀ yóò sì ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Apá méjèèjì ìgbàgbọ́ yìí ni kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè gbọ́kàn lé ọkọ̀ ní àsìkò tí kò yẹ kó gbọ́kàn lé e rárá.

Pé ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ kúrò ní lénì kan bọ́ sí òmíràn kì í ṣe ohun àríyànjiyàn mọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Tesla, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Navigate on Autopilot jáde. Nígbà yẹn, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ tó yà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n fún àwọn tó ni ọkọ̀ láàyè láti yọ ìfọwọ́sí náà kúrò. Síbẹ̀, nínú ìpele òdo sí 5 tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ fi ń wọn irú ètò báyìí, ìpele 2 ni èyí wà, níbi tí awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa wo ojú títì ní gbogbo ìgbà. Gbogbo èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀, tí ó sì fa gbogbo awuyewuye náà, ni pé ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń mú kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yí lénì padà. Ìdí kìn-ín-ní ni eré: ọkọ̀ tó wà níwájú ń falẹ̀, lénì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń lọ dáadáa. Ìdí kejì ni ọ̀nà: ibi tí máàpù ní kí a yà ti ń súnmọ́, lénì tí ọkọ̀ wà kò sì lè gbé e débẹ̀. Sẹ́tíǹgì tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí nínú Navigate on Autopilot, èyí tó ní ìpele mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ láti Disabled (pípa), tó bọ́ sí Mild (èyí tó rọra) àti Average (èyí tó wà láàrín), tó sì parí sí ìpele tó le jù lọ, ìdí kìn-ín-ní nìkan ló ń ṣàkóso. Ẹni tó bá pa á, ìyípadà nítorí eré ló pa. Kò fọwọ́ kan ìyípadà nítorí ọ̀nà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ Iléṣà kan tó ń gbé ní Houston ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọ títì oní-lénì-mẹ́rin, ó pa sẹ́tíǹgì náà, ó sì rí i pé ọkọ̀ òun tẹ̀lé tírélà kan láì yà fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lénì òsì ṣófo. Inú rẹ̀ dùn pé sẹ́tíǹgì ń ṣiṣẹ́, òótọ́ sì ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ibi tó yẹ kó ti jáde ní apá ọ̀tún kù díẹ̀, ọkọ̀ náà tan tíráfíkétọ̀, ó bọ́ sí lénì ọ̀tún, ó tún bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà pariwo pé ọkọ̀ ti ya aláìgbọràn, ó sì tẹ ẹbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà láago pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí bàbá bá rán ọmọ ní ọjà, tí ó sì ní kó má ṣe dúró ṣeré lọ́nà, ìyẹn kò ní kí ọmọ náà má sọdá títì bí ọjà bá wà ní òdìkejì. Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ibi tó ń lọ sínú máàpù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ sì ń gbé e lọ.

Mo ti ṣe àlàyé yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibi tí wọ́n sì máa ń takú sí ni pé: bí sẹ́tíǹgì bá ń ṣiṣẹ́ lórí eré, kí ló dé tí ọkọ̀ ẹnìkan tó wà ní ìpele Mild fi máa ń yà ju ti ẹlòmíràn tó wà ní ìpele Average lọ? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí nínú sẹ́tíǹgì náà. Inú eré tí awakọ̀ yàn ló wà. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi eré tí a yàn fún un wé eré tí lénì tó wà ń jẹ́ kó sá. Bí mo bá yan kìlómítà 110 ní wákàtí kan, tí tírélà iwájú sì ń sá 85, ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ yóò sì rí ìdí láti yà kódà ní ìpele tó rọra jù. Bí ẹlòmíràn bá yan 85 lẹ́yìn tírélà kan náà, kò sí èrè kankan fún un nínú yíyà, ìpele yòówù kó wà. Ohun tí ìpele ń yí padà ni bí ara ọkọ̀ ṣe tètè gbà láti yà bí èrè bá wà. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé ọkọ̀ òun ń yà jù, tó ń lọ sókè sódò nínú sẹ́tíǹgì láì wo iye eré tó yàn, ó ń wá ohun tó sọnù níbi tí kò sọ ọ́ nù sí. N kò ì tíì rí ẹnì kan nínú àwọn tó ń ráhùn sí mi tó kọ́kọ́ sọ iye eré tó yàn kí n tó bi í.

Ìdí kẹta tún wà tí wọ́n kì í kà kún un. Lénì máa ń tán. Títì oní-lénì-mẹ́ta a di oní-lénì-méjì, ọkọ̀ tó wà nínú lénì tó ń tán kò sì lè dúró síbẹ̀ nítorí pé ẹnìkan tẹ nǹkan lójú sikíríìnì. Nínú àwọn ẹ̀dà kan ti ètò tuntun Tesla, tí wọ́n wá ń pè ní Full Self-Driving (Supervised) láti ọdún 2024, wọ́n ṣe sẹ́tíǹgì mìíràn tó ń jẹ́ Minimal Lane Changes. Ohun tó ṣèlérí ni pé ìyípadà yóò kéré. Kò ṣèlérí pé kò ní sí. Ìrìn-àjò tí awakọ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní àná tó rò pé ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí ní láti tún un wò.

N kò sọ pé sẹ́tíǹgì kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé àwọn kan ti gba ibòmíràn lọ báyìí, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀tàn lásán ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ní ọdún 2021, nígbà tí Tesla fi ìṣesí mẹ́ta, Chill (jẹ́jẹ́), Average (àárín) àti Assertive (èyí tó le), sínú ètò tí àwọn awakọ̀ ń dán wò, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọkọ̀ tó wà ní Assertive yóò máa súnmọ́ ọkọ̀ iwájú sí i, yóò máa yí lénì padà nítorí eré léraléra, kò ní máa kúrò ní lénì tí a fi ń kọjá ọkọ̀ mìíràn, ó sì lè má dúró pátápátá níbi àmì ìdúró. Ọ̀rọ̀ àmì ìdúró yìí ló mú kí wọ́n tún ètò ọkọ̀ 53,822 ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nítorí pé wọ́n lè gba oríta kọjá ní eré tó tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan láì dúró. Sẹ́tíǹgì ń yí ìwà ọkọ̀ padà, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ ìyẹn.

Ohun tí kò lè yí padà ni ojú rẹ̀. Kámẹ́rà tó wà lára ọkọ̀ ní ìpele tó rọra jù náà ló wà lára rẹ̀ ní ìpele tó le jù. Iye wọn kò pọ̀ sí i, wọn kò sì ríran jìnnà sí i nítorí pé awakọ̀ gbé nǹkan sókè. Alùpùpù tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú eré burúkú kò rọrùn láti rí sí i. Àṣìṣe tó bá wà nínú ètò náà sì wà níbẹ̀ láìka ìpele sí: ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n tún ètò ọkọ̀ Tesla 362,758 ṣe, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé ọkọ̀ lè wà nínú lénì tí a yà sọ́tọ̀ fún yíyà, kó sì máa lọ tààrà. Wọn kò sọ pé kí àwọn awakọ̀ sọ̀ sẹ́tíǹgì wọn kalẹ̀, ètò gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe.

Ohun mìíràn tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹnìkan ní Jámánì yóò fi hàn pé ọkọ̀ òun kì í yà láì jẹ́ pé òun tan tíráfíkétọ̀, ẹlòmíràn ní Texas yóò fi hàn pé tòun ń yà fúnra rẹ̀, wọn yóò sì máa bá ara wọn jà. Òfin tí wọ́n tẹ̀lé ní Yúróòpù fún ìgbà pípẹ́ ni pé awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyípadà lénì. Ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sì yàtọ̀ síra. Nígbà tí Ford fi ìyípadà lénì kún BlueCruise, ètò tirẹ̀ tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́, ní ọdún 2022, awakọ̀ ló ní láti tẹ tíráfíkétọ̀ kí ọkọ̀ tó yà. Ní ti Waymo, ọkọ̀ akérò tí kò ní awakọ̀ nínú rárá, èrò tó jókòó sẹ́yìn kò ní sẹ́tíǹgì kankan tí yóò fi sọ iye ìgbà tí ọkọ̀ yóò yí lénì padà. Bóyá èyí ni ó yẹ kó la àwọn ènìyàn lójú: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ọkọ̀ bá ṣì ń bi ọ́ bí o ṣe fẹ́ kó máa yà, ìwọ ni ó ṣì kà sí awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá jù ní Ifẹ̀ àti Iléṣà kì í ṣe Tesla, bí kò ṣe Toyota tòkunbọ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ fún obìnrin olùkọ́ àgbà kan tó ń wo Corolla 2020 pé, “Mọ́mì, ẹ ṣáà gbé e sí High, yóò máa yà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn.” Irọ́ gbáà ni. Ètò Lane Tracing Assist tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kì í yí lénì padà rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú láti mú ọkọ̀ dúró sí àárín ìlà méjì, nígbà tí a bá tan ètò tó ń di eré mú pẹ̀lú rédà. High tí ọmọkùnrin náà ń sọ jẹ́ ti ìkìlọ̀: bó bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ yóò kìlọ̀ kí táyà iwájú tó tẹ ìlà, bó bá wà ní Standard, yóò kìlọ̀ ní nǹkan bí ìgbà tí táyà bá ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó gbé e sókè kí ọkọ̀ lè máa kúrò ní lénì ti ní kó tètè máa dènà kíkúrò ní lénì.

Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí, kó wo àwòrán ìlà méjì tó máa ń hàn níwájú awakọ̀. Bí inú ìlà náà bá funfun, kámẹ́rà rí ìlà ojú títì. Bó bá dúdú, kò rí i tàbí ètò náà ti dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kò sì yẹ kí a gbọ́kàn lé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà. Láti Ifẹ̀ gba Ọ̀ṣú lọ sí Iléṣà, níbikíbi tí ọ̀dà ìlà bá ti parẹ́, ó lè di dúdú, High ni o, Standard ni o. Bí ìlà bá sì wà, tí awakọ̀ yà fún kòtò láì tan tíráfíkétọ̀ nígbà tó ti lé ní nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ọkọ̀ lè kígbe tàbí kó fi díẹ̀ ti sítíárì padà. Agbára awakọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ lè jáyà, kó sì fa sítíárì ju bó ti yẹ lọ.

Kámẹ́rà tó ń wo ìlà yìí wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lókè, nítòsí dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tún ìdúró kámẹ́rà náà wọ̀n, kó lè mọ ibi tí àárín títì wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ti ní ìjàm̀bá rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì iwájú rí àti bóyá wọ́n tún kámẹ́rà wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá rí ìdáhùn tó dájú gbà, kó pa ètò náà títí tí mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.