Aago Breguet: Inú Rẹ̀ Ni Iyì Rẹ̀ Wà

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ tí kì í lo bátìrì, ẹ ó bá ọgbọ́n Abraham-Louis Breguet, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ aago, níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti kú láti 1823. Àwa tí à ń tún aago ṣe ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí oníbàárà bá gbé aago olówó ńlá dání, tó jẹ́ pé góòlù ara rẹ̀ nìkan ló ń bèèrè.

Neuchâtel ni wọ́n bí Breguet sí ní 1747, ṣùgbọ́n Paris ló ti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní 1775. Aago àpò layé ń lò nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Ní 1780, ó ta aago tó ń yí ara rẹ̀: irin wúwo inú rẹ̀ ń mì bí olówó rẹ̀ ṣe ń rìn, ó sì ń ká sípíríǹgì. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án, àmọ́ òun ló mú un dára dé ibi tí èèyàn fi lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ṣóńṣó ọ̀pá báláǹsì, ìyẹn àgbá kékeré tó ń mì síwá sẹ́yìn láti ṣòdiwọ̀n àkókò, máa ń kán bí aago bá já bọ́, ó fi sípíríǹgì kékeré gbé e ró. Ọgbọ́n yẹn kò kúrò nílẹ̀ títí dòní.

Tourbillon ni ẹ máa ń gbọ́ jù. Òró ni aago àpò máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà apá kan ni òòfà ilẹ̀ ń fa báláǹsì rẹ̀ sí, aago a máa yá tàbí kó máa falẹ̀. Breguet kó báláǹsì sínú àgò kékeré tó ń yí po, bí ẹni ń yí iṣu lórí ẹ̀yinná kí ara rẹ̀ lè jiná dọ́gba. Àṣìṣe ọ̀tún á pa tòsì rẹ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1801. Lójú tèmi, aago ọwọ́ kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí apá kì í dúró sójú kan.

Ní 1783 ni wọ́n bẹ iṣẹ́ aago kan lọ́dọ̀ Breguet fún Marie Antoinette, ayaba ilẹ̀ Faransé. Wọ́n bẹ́ ayaba lórí ní 1793, ọdún 1827 ni aago parí. Olè jí i ní Jerúsálẹ́mù ní 1983, wọ́n sì tún rí i ní 2007.

Ayédèrú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Breguet ṣe ń fín orúkọ rẹ̀ sójú aago ní wínníwínní, débi pé àfi kí ìmọ́lẹ̀ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó rí i. Swatch Group, iléeṣẹ́ aago ńlá ti Switzerland, ló ni iléeṣẹ́ Breguet láti 1999, ìwé àkọsílẹ̀ ọjà àtijọ́ rẹ̀ sì ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Breguet àtijọ́ lọ̀ yín, nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé náà kí ẹ tó sanwó.