Wọn ò sè é sílẹ̀: ọ̀rọ̀ lórí view àti stored procedure

Query kan, ìyẹn ìbéèrè tí a fi ń gba dátà lọ́wọ́ dátábéèsì, á máa falẹ̀, ẹnì kan á sì dìde pé, "Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú view, ẹ gbé e sínú stored procedure, ó máa yára." (Stored procedure ni àwọn àṣẹ tí a kó jọ, tí a sọ lórúkọ, tí a sì tọ́jú sínú dátábéèsì.) Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé, èsì kan náà ni: "Procedure, wọ́n ti sè é sílẹ̀ dè wá." Ohun tó ń sọ ni pé dátábéèsì ti múra rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kí a tó pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí mo ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó bá a lọ, tí query náà ṣì ń falẹ̀ bó ṣe ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti view ò gba àlàyé púpọ̀. View kì í tọ́jú ìlà dátà kankan. SELECT, ìyẹn àṣẹ tó ń ka dátà, tí a sọ lórúkọ lásán ni. Tí a bá pè é, dátábéèsì sábà máa ń tú u ká sínú query tó pè é, á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó ń tọ́jú ìdáhùn pa mọ́ ni materialized view, tó wọ inú PostgreSQL 9.3 lọ́dún 2013, àti indexed view ti SQL Server (àwọn méjèèjì yìí àti MySQL jẹ́ ẹ̀yà dátábéèsì). Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí ni "sísè sílẹ̀" yẹn. Kí gan-an ni wọ́n sè? Ẹ dán èyí wò nínú SQL Server: ẹ kọ procedure tó ń ka table (àtẹ tí ìlà dátà ń wà) tí kò sí níbì kankan, kí ẹ ṣe CREATE PROCEDURE. Ó máa gbà á. Ẹ wá gbé SELECT yẹn gan-an sínú CREATE VIEW, ó máa kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò mọ table náà. PostgreSQL náà á gba function tí a fi PL/pgSQL, èdè tí wọ́n fi ń kọ irú nǹkan báyìí níbẹ̀, kọ, tó ń dárúkọ table tí kò sí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti sè é lóòótọ́, báwo ni wọ́n ṣe rí i sè nígbà tí èròjà ò sí nílẹ̀?

Gírámà rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì tọ́jú ohun tí a kọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá pè é ni dátábéèsì tó ń ro bó ṣe máa ṣe é: index wo (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà tó ń wá) ni kí òun lò, table wo ni kí òun kọ́kọ́ kà, báwo ni kí òun ṣe so wọ́n pọ̀. Ohun tó rò yẹn là ń pè ní plan, inú mẹ́mórì ló sì máa ń wà. Ẹ pa server, kí ẹ tún tàn án, plan ti lọ nìyẹn. Ní PostgreSQL àti MySQL, plan tàbí ohun tí procedure tọ́jú ò kọjá kọnẹ́kṣọ̀n kan. Kọnẹ́kṣọ̀n tuntun á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Query lásán tó ń pe view náà ń rí plan tirẹ̀ tọ́jú ní SQL Server. Láti ìgbà SQL Server 7.0, lọ́dún 1998, ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, procedure ló ní àǹfààní yìí lóòótọ́, ibẹ̀ ni mo sì gbà pé ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Àkísà ti lògbà rí.

Àwọn kan á ní àwọn fojú ara àwọn rí i. Èmi àti ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó ṣe query orí view, ó pẹ́; ó pe procedure tó ní SELECT kan náà nínú, kíá ló dé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Mo ní ká tún server ìdánwò náà tàn, ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ procedure. Lọ́tẹ̀ yìí, procedure ló falẹ̀, view ló yára. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbé dátà láti orí díìsìkì wá sínú mẹ́mórì. Èkejì kàn bá a nílẹ̀ ni.

Ohun tó ń mú query náà falẹ̀ gan-an wà nínú ìlà kan tí a kọ sínú rẹ̀: WHERE YEAR(ojo_tita) = 2023. Index wà lórí òpó yẹn, ṣùgbọ́n bí a ṣe fi YEAR, tó ń yọ ọdún jáde lára ọjọ́, bò ó, dátábéèsì ò lè fi index náà lọ tààrà síbi tí ọdún yẹn wà mọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò. A yí i sí ojo_tita >= '2023-01-01' AND ojo_tita < '2024-01-01', ara tù wá. Inú view ló ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ méjì la ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Mi ò sọ pé procedure ò wúlò. Tí iṣẹ́ kan bá ń rán query 500 kọjá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́kọ̀ọ̀kan, kíkó wọn sínú procedure kan lè dín àkókò kù gan-an. View náà ní àléébù tirẹ̀: view lórí view lórí view máa ń fa table tí ẹnikẹ́ni ò nílò wọlé, MySQL sì lè kọ́kọ́ kó ìdáhùn view tó ní GROUP BY, ìyẹn àṣẹ tó ń kó ìlà jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, sínú table ìgbà díẹ̀ ná. Nítorí náà, ó lè jẹ́ procedure, ó lè jẹ́ view. Ohun tó wà nínú wọn ló ń pinnu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ kíyè sí èyí ṣá o. Ní SQL Server, iye tí a fi pe procedure lákọ̀ọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ro plan rẹ̀. Tó bá jẹ́ oníbàárà tó ní ìlà 3 ló kọ́kọ́ dé, ẹni tó ní ìlà mílíọ̀nù 2 lè bá plan ìlà 3 nílẹ̀, á sì há síbẹ̀. SQL Server 2022 ti ń gbìyànjú láti tọ́jú ju plan kan lọ fún irú query bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo query ló kàn.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò níbi tó wà, ẹ wo plan rẹ̀. Ní PostgreSQL, EXPLAIN ANALYZE ló máa fi hàn yín, àmọ́ ẹ rántí pé ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi ni. Tó bá jẹ́ DELETE, àṣẹ tó ń pa ìlà rẹ́, lẹ kọ tẹ̀ lé e, ìlà yẹn máa lọ. Ẹ fi BEGIN ṣáájú, kí ẹ sì fi ROLLBACK, tó ń dá gbogbo rẹ̀ padà, tẹ̀ lé e.