Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àkáǹtì oníjìbìtì mọ̀

"Orúkọ wo ló gbé jáde?" Ohun tí ìyá ẹlẹ́ja máa ń bi oníbàárà tó fẹ́ fi fóònù sanwó ọ̀bọ̀kún nìyẹn ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà á tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ìyá, tó jẹ́ dígíìtì 10, á ka orúkọ tó yọ sókè. Bó bá ṣe déédéé, ìyá á ní, "Ó dáa, fi ránṣẹ́." Alájọ àtijọ́ ò nílò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó mọ ilé yín, ó mọ ọkọ yín, ó tún mọ gbèsè tí ẹ jẹ. Ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn tí kò ríra wọn rí ni ọ̀rọ̀ wá di: ta ló wà lẹ́yìn àkáǹtì yìí?

Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ fún PayPal, ilé-iṣẹ́ tí èèyàn fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Max Levchin, Peter Thiel àti Luke Nosek ló dá ilé-iṣẹ́ tó bí i sílẹ̀ ní Kalifóníà ní 1998. Kí èrò lè pọ̀, wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣí àkáǹtì ní dọ́là 10, wọ́n sì tún ń fún ẹni tó mú un wá. Ẹ gbọ́, ta ni kò ní wá? Kíá làwọn kan kọ prógíráàmù tó ń ṣí àkáǹtì lọ́pọ̀ yanturu, láìsí èèyàn kankan nídìí ẹ̀. Ní 2001, Levchin àti David Gausebeck, ẹnjiníà PayPal, fi àwòrán lẹ́tà wíwọ́ síbi ìforúkọsílẹ̀. Ojú èèyàn lè kà á; kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ò lè kà á.

Ìyẹn dí ẹnu ọ̀nà, àmọ́ àwọn tó ti wọlé ń fi káàdì jíjí fa owó jáde, ilé-iṣẹ́ náà sì ń pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Oníjìbìtì kan tó ń jẹ́ Igor tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n wá sọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ olè. Irinṣẹ́ Igor yìí ló wú mi lórí jù nínú ìtàn náà, torí kì í wo àkáǹtì kan ní òun nìkan. Ọ̀nà tí owó gbà ló ń tọ̀: láti ọwọ́ ẹni yìí sí tọ̀hún, títí tó fi já síbi tí gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Èèyàn ló máa wá jókòó tì í, tí á pinnu bóyá olè ni.

Ọ̀nà míì la gbà ní Nàìjíríà: ìka ọwọ́. Ẹnì kan lè ní àkáǹtì ní bánkì márùn-ún pẹ̀lú orúkọ márùn-ún tẹ́lẹ̀, kí bánkì kan má mọ ohun tó wà ní èkejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde, nọ́ńbà oní dígíìtì 11 tó so ìtẹ̀ka àti ojú ẹni mọ́ gbogbo àkáǹtì ẹ̀. NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí àwọn bánkì ti dá sílẹ̀ láti 1993, ló ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé bí a ṣe tò ní bánkì ní 2015. Ìka àwọn àgbàlagbà àtàwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ kì í tètè hàn lójú ẹ̀rọ. Wọ́n á nù ún, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́.

Àlàfo kan ṣì wà nígbà náà. Àwọn àkáǹtì kéékèèké tí nọ́ńbà fóònù nìkan tó láti fi ṣí ò ní BVN. Ní oṣù kejìlá 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé èyíkéyìí tí kò bá ní BVN tàbí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), kí wọ́n má jẹ́ kí owó jáde níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2024, wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan dá gbígba oníbàárà tuntun dúró fúngbà díẹ̀.

Ó wá ku àkáǹtì yíyá. Ìtẹ̀ka òótọ́, orúkọ òótọ́, ọmọ ilé-ìwé tó gba owó díẹ̀ kó tó fi káàdì ẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. BVN ò lè rí ìyẹn, iṣẹ́ irinṣẹ́ bíi Igor ni. Àkáǹtì tó ti ń sùn fún oṣù mélòó kan, kí owó ṣàdéédéé máa wọlé láti ọwọ́ ogún èèyàn tí kò bá ara wọn tan, kó sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ ń wá nìyẹn kó tó tì í pa. Tí ọlọ́pàá bá sì dé, ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí.