RAID 0: bí hard disk méjì ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan

RAID 0 ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí a fi ń so hard disk méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa rí wọn bí ẹyọ kan. Bí fáìlì bá ń wọlé, kì í kún dísìkì kan tán kó tó kan èkejì. Kọ̀ǹpútà á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ: ègé kìn-ín-ní á bọ́ sórí dísìkì àkọ́kọ́, ègé kejì á bọ́ sórí ìkejì, ẹ̀kẹta á tún padà sórí àkọ́kọ́, títí fáìlì náà yóò fi tán. Chunk ni wọ́n ń pe ègé kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ 64 KB, 128 KB tàbí 512 KB. Pínpín yìí gan-an ni wọ́n ń pè ní striping.

Nítorí pé dísìkì méjèèjì jọ ń kọ, wọ́n sì jọ ń kà, iṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì. Hard disk ínṣì 3.5 tó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan sábà máa ń ka 150 sí 200 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ so méjì pọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 300 sí 400. Fídíò 200 GB tí dísìkì kan máa fi ìṣẹ́jú 22 kọ bó bá ń sáré ní 150 MB, méjì á fi ìṣẹ́jú 11 kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí fáìlì ti ń bọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú mẹ́mórì káàdì tí kò lè ju 90 MB lọ ló ti ń bọ̀, 90 náà lẹ máa rí, ẹ báà so dísìkì mẹ́rin pọ̀.

Ibì kan wà tí RAID 0 kò ti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Nínú hard disk, apá kékeré kan gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí fáìlì wà, kó sì dúró kí àwo tó ń yí gbé ibẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Ìyípo kan ní 7,200 jẹ́ 8.3 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Ìdajì rẹ̀, 4.2 ms, ni apá náà sábà máa fi dúró, lẹ́yìn tó bá ti fi bí 8 tàbí 9 rìn. Ẹ rò ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13, ìyẹn ni pé dísìkì kan kò lè dáhùn ju nǹkan bí 80 ìbéèrè tó fọ́nká lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì 20 KB kò tó chunk kan. Orí dísìkì kan ṣoṣo ló máa wà, ìdúró náà kò sì ní fi ohunkóhun dín. Fáìlì kéékèèké báyìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí Windows ń kà nígbà tó bá ń dìde. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tètè tàn, kí ó ra SSD, irú dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí. SSD SATA kan péré ń ka ju 500 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìdúró rẹ̀ kò sì tó 1 ms. Ó ju hard disk méjì tí a so pọ̀ lọ fíìfíì.

Ta ló wá ń lò ó? Àwọn tó ní fáìlì ńláńlá, tí owó SSD tó máa gba gbogbo rẹ̀ kò sì tíì jọ. Ẹ wo àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Àbújá. Kámẹ́rà 4K tó ń kọ 100 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá ń kó 45 GB jọ ní wákàtí kan. Kámẹ́rà mẹ́ta, láti ìgbà tí alága ìdúró ti gba máìkì títí dé ìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó, wákàtí márùn-ún: 675 GB, ní ọjọ́ Sátidé kan. Fún irú iṣẹ́ yìí, 2 TB méjì tí a so di 4 TB ní ìtumọ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dísìkì ló ń fa ìdádúró lóòótọ́. Ẹ ṣí Task Manager nígbà tí fídíò bá ń ta kókó. Bí Disk bá wà ní 100% tí CPU sì rọlẹ̀, dísìkì ni. Bó bá jẹ́ CPU ló kún, fídíò H.265, irú èyí tí a fún pọ̀ gan-an, ló ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, RAID kankan kò lè gbà á. Ẹ ṣe ẹ̀dà fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní proxy, ẹ fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ dísìkì ni, ẹ rántí pé fídíò kámẹ́rà mẹ́ta yẹn lápapọ̀ kò ju 37.5 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fífò láti fáìlì kan sí òmíràn ló ń dá dísìkì lágara, bíńtín sì ni RAID 0 máa dín nínú ìyẹn.

Dísìkì tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jọra: ìwọ̀n kan náà, eré kan náà. Èyí tó lọ́ra jù ló máa pinnu eré gbogbo wọn: 120 MB pẹ̀lú 200 MB á jẹ́ 240, kò ní jẹ́ 320. Bákan náà ni àyè rẹ̀. Lórí Windows, 500 GB pẹ̀lú 1 TB yóò fún yín ní 1 TB tí a pín, 500 GB tó ṣẹ́kù kò sí lára rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá CMR ni tàbí SMR, ọ̀nà méjì tí hard disk ń gbà kọ nǹkan sórí àwo rẹ̀. CMR ni kí ẹ mú, nítorí pé SMR máa ń rẹ̀ nígbà tí a bá kọ nǹkan ńlá sí i fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, eré lẹ ń wá.

Bí ẹ bá lọ sí Banex tàbí Emab ní Wuse 2, ẹ ó bá tuntun, ẹ ó sì bá tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní UK used. Ẹ má wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi CrystalDiskInfo wò ó, tàbí smartctl -a lórí Linux. Reallocated Sectors (ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì fi òmíràn rọ́pò) àti Current Pending Sectors (ibi tó ń fura sí) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, méjèèjì. Bó bá ti ju òdo lọ, ẹ fi í sílẹ̀, iye yòówù kí wọ́n dín in kù sí. Power-On Hours ni wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. 8,760 jẹ́ ọdún kan gbáko láìsinmi. UDMA CRC Error tó ń gòkè yàtọ̀: wáyà SATA ló sábà máa ń fà á, ẹ pààrọ̀ wáyà náà ná.

Dísìkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà SATA tirẹ̀ tó lọ tààrà sára motherboard. Ẹ má ṣe RAID 0 orí USB. Wáyà tí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ́ lè ya dísìkì kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì dúró.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nígbà tí dísìkì bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó lè fa nǹkan bí 2 amp lórí 12 V, ìyẹn 24 W, kó tó rọlẹ̀ sí 6 tàbí 8 W. Méjì á fa bí 50 W lẹ́ẹ̀kan náà. Power supply olówó pọ́ọ́kú lè má gbé e, dísìkì kan á sì dìde lẹ́yìn èkejì. Kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí RAID mọ́, Windows á sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹ Initialize tàbí Format. Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ pa á, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ tún un tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan yín ṣì wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Bí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé, ègé kan lè ti dé orí dísìkì kìn-ín-ní kí èkejì tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. UPS kì í ṣe àṣerégèé níbí. Ẹni tó ní inverter, kó wo ara rẹ̀ bóyá ó ní ibi tí a ti ń yí i sí UPS. Power supply kọ̀ǹpútà kò lè fara da àìsí iná ju nǹkan bí 16 ms lọ, àwọn inverter kan sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà á.

Ooru náà ńkọ́? Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, kí òjò tó dé, yàrá tí kò ní AC ní Kúbwà tàbí Nyanya ti gbóná kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ fi àlàfo kan sáàárín dísìkì méjèèjì, kí fáànù fẹ́ sí wọn láti iwájú, kí wọ́n má ju 45°C lọ. Ní àkókò ọyẹ́, eruku á dí àsẹ́ fáànù náà. Ẹ máa gbọn ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ó di títò. Ohunkóhun tó bá wà lórí dísìkì méjèèjì máa parẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó o kúrò. Lórí Windows, Storage Spaces ni kí ẹ lò: ẹ wá a nínú Control Panel, ẹ tẹ Create a new pool and storage space, ẹ mú dísìkì méjèèjì, kí ẹ sì yan Simple níbi Resiliency type. Windows Home náà ní in. New Striped Volume tó wà nínú Disk Management ń sọ dísìkì di dynamic disk. Microsoft ti ń pa ìyẹn tì, Windows Home kò sì gbà á. Kò sí èyí tó lè gbé Windows fúnra rẹ̀ dìde nínú méjèèjì, nítorí náà Windows á wà lórí SSD tirẹ̀. RAID inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde, ńkọ́? Ẹ yẹra fún un. Ẹni tó bá yí SATA láti AHCI sí RAID lẹ́yìn tó ti fi Windows sí i, Windows rẹ̀ lè kọ̀ láti dìde. Bí motherboard bá sì jóná, ó lè jẹ́ irú rẹ̀ gan-an lẹ máa wá kiri kó tó lè ka dísìkì náà.

Lórí Ubuntu, ẹ fi lsblk mọ orúkọ dísìkì dájú, torí pé orúkọ kan tí ẹ bá ṣì tẹ̀ lè nu dísìkì mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo mdadm, ètò tó ń tò RAID lórí Linux (ẹ fi orúkọ dísìkì tiyín rọ́pò sdb àti sdc):

sudo mdadm --create /dev/md0 --level=0 --raid-devices=2 --chunk=512 /dev/sdb /dev/sdc
sudo mkfs.ext4 /dev/md0
sudo mdadm --detail --scan | sudo tee -a /etc/mdadm/mdadm.conf
sudo update-initramfs -u

Ẹni tó bá fo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn á tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, á sì bá /dev/md127 dípò md0. Nínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ dísìkì tí kọ̀ǹpútà máa ṣí nígbà tó bá ń dìde, ẹ lo UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ sì fi nofail sí i, kí kọ̀ǹpútà lè dìde bí dísìkì kan bá tilẹ̀ sọnù. Ẹ wá fi sudo hdparm -t wọn /dev/sdb, kí ẹ tún fi wọn /dev/md0. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, dísìkì kan ń ṣàìsàn, tàbí wáyà rẹ̀ ni.

Ewu ibẹ̀ wà. Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Berkeley ní Amẹ́ríkà gbé RAID jáde nínú ìwé ìwádìí wọn, láti ìpele 1 dé 5, tí dísìkì kan bá kú nínú wọn, iṣẹ́ kò ní parun. Ìpele òdo dé lẹ́yìn, kò sì ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí dísìkì kan bá kú, ó dà bí ìwé tí a ya ewé kan, tí a fo èkejì, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìyókù wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò sì lè kà á. Ká ní ewu kí dísìkì kan kú láàárín ọdún jẹ́ 3 nínú 100. Tí ẹ bá so méjì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Mẹ́rin, ó ju 11 lọ.

Nítorí náà, fídíò tí ẹ kó wá láti òde gbọ́dọ̀ ti wà lórí dísìkì kẹta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lórí RAID 0, ẹ má sì nu mẹ́mórì káàdì títí ẹ̀dà yóò fi pé méjì. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ náà, kí robocopy lórí Windows tàbí rsync lórí Linux máa dà á kọ lálaalẹ́. Ẹni tí kò lè ra dísìkì kẹta, kó fi méjèèjì ṣe RAID 1, tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Eré kíkọ rẹ̀ kò ju ti dísìkì kan lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní wá bá a nílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kó fáìlì kúrò, ẹ fi umount yọ ọ́, lẹ́yìn náà sudo mdadm --stop /dev/md0, kí ẹ sì lo sudo mdadm --zero-superblock lórí sdb àti sdc. Ẹ yọ ìlà rẹ̀ kúrò nínú fstab àti mdadm.conf pẹ̀lú.