Ṣé òògùn gidi ni wọ́n fi ṣe idán inú fíìmù Ògúndé?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tó wo Aiyé, fíìmù Ògúndé, nígbà tó jáde ní 1979. Wọ́n ní bí àwọn àjẹ́ ibẹ̀ ṣe ń pòórá, tí wọ́n tún ń yọ lójijì, òògùn gidi ni. Mo mọ ohun tó fà á. Ọmọ Ọ̀sọsà ni Hubert Ògúndé, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tipẹ́tipẹ́ sì ni àwọn ará ibòmíràn ti ń bẹ̀rù òògùn Ìjẹ̀bú. Òun ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo inú eré náà, ọfọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ á mú kí orí èèyàn wú. Ta ló máa gbọ́ irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò tún rántí kámẹ́rà?

Kámẹ́rà ló ṣe é o. Wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á dè é pinpin. Bí ẹni tó ń ṣe àjẹ́ bá ti dé ibi tí yóò ti pòórá, wọ́n á pa kámẹ́rà. Gbogbo àwọn yòókù á dúró gbagidi, ẹni tó na ọwọ́ sókè kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀; àjẹ́ nìkan ló máa rìn kúrò. Wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Àwa òǹwòran kò rí àárín méjì yẹn, ó pòórá nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ẹyẹ sí ipò rẹ̀, a ó ní ó di ẹyẹ. Èéfín ni wọ́n sábà fi ń bo ibi tí àwòrán ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn ti pàdé.

Georges Méliès, onídán kan ní Paris, ti ń lo ọgbọ́n yìí láti 1896. Ó ní kámẹ́rà òun ló há nígbà tí òun ń ya ìgboro. Nígbà tí òun wá wo fíìmù náà, ọkọ̀ akérò ṣàdéédé di ọkọ̀ òkú. Ẹni tó sì fò láti ilẹ̀ gun igi nínú fíìmù Ṣáínà tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ wò nígbà náà, orí igi ló ti bẹ́ sílẹ̀. Fíìmù ni wọ́n yí sẹ́yìn.

Ó ń dùn mí pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn la gbé fún òògùn. Ọlá Balógun tó darí Aiyé lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris.

Tí ẹ bá tún rí fíìmù ìgbà náà, ẹ má wo ẹni tó ń pòórá. Ẹ wo òjìji igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀: oòrùn á ti sún díẹ̀ kí wọ́n tó tún tan kámẹ́rà, òjìji náà á sì fò lẹ́ẹ̀kan náà.