Bí èédú inú ilẹ̀ ṣe ń di háídírójìn àti iná mànàmáná

Ẹni tó ń sun àgbàdo ní Làfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, abẹ̀bẹ̀ ló fi ń fẹ́ èédú rẹ̀ kí ó lè jó dáadáa. Nílé iṣẹ́ tó ń sọ èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n rí ní Enugu lọ́dún 1909, di háídírójìn (gáàsì kan tó ń jó), òdìkejì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ṣọ́ ọ́síjìn lò. Wọ́n á lọ èédú kúnná, wọ́n á kó o sínú ìkòkò irin tó gbóná gidigidi, wọ́n á fún un ní oru omi àti ọ́síjìn tí kò tó láti jó o tán.

Háídírójìn àti kábọ́ọ̀nù monọ́sáìdì ló ń jáde. Èkejì yìí ni afẹ́fẹ́ tí kì í rùn, tó ń pa ẹni tó bá gbé ààrò èédú wọ yàrá tó sì ti fèrèsé. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò, kódà nígbà ọyẹ́.) Nílé iṣẹ́, wọ́n tún ń da oru omi pọ̀ mọ́ ọn: á gba ọ́síjìn inú omi, á di kábọ́ọ̀nù daiọ́sáìdì, háídírójìn inú omi á sì dòmìnira.

Wọ́n á wá fi èròjà olómi kan wẹ gáàsì náà. Daiọ́sáìdì á wọ inú rẹ̀, háídírójìn á kọjá. Bí wọ́n bá dín ìfúnpá kù, daiọ́sáìdì á hó jáde bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà. Gáàsì kan náà ló sì wà nínú mínírà.

Háídírójìn ló ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Omi ló ń dà bó bá jó.

Ibi tí wọn yóò kó daiọ́sáìdì sí, kí ó má bàa lọ sójú ọ̀run kí ó sì mú ayé gbóná, ló ṣòro jù. Kílò 12 kábọ́ọ̀nù inú èédú ń di kílò 44 daiọ́sáìdì, nítorí ọ́síjìn tó kún un. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jìnnà ju mítà 800 lọ, kí ó lè ki bí ohun olómi. Òkúta bíi Olúmọ, tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá, kò lè gbà á, kò ní ihò. Òkúta yanrìn ló ń fà á mọ́ra bí kànìnkànìn. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi Abẹ́òkúta gan-an sọ lórúkọ, tó ń rì sísàlẹ̀ bó ṣe ń lọ sápá òkun. Ṣùgbọ́n òkúta yanrìn nìkan kò tó. Òkúta amọ̀ líle gbọ́dọ̀ dé e bí ọmọrí ìkòkò, láìsí ibi tó sán.

Láti ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ èédú di gáàsì ní North Dakota, ní Amẹ́ríkà, ti ń fi páìpù tó lé ní kìlómítà 300 rán daiọ́sáìdì lọ sí pápá epo Weyburn ní Kánádà. Epo ni wọ́n fi ń tì jáde níbẹ̀, epo náà á sì tún lọ jó níbòmíràn. Ó yẹ kí wọ́n ka èéfín ìyẹn náà mọ́ ìṣirò.